Àwọn Mẹ́rin Orí Àjà

Orí àjà ilé-ìwé àtijọ́ ní Arọ́jẹ ni ìyá wọn yé sí,
ẹyin mẹ́rin, lórí pákó tí ikán ti jẹ dé àárín.
Èmi Láníhùn, ọlọ́dẹ òru, ni mo kọ́kọ́ gbọ́ wọn.
Kì í ṣe igbe.
Ó dà bí ìgbà tí a da omi sórí ẹyín iná,
ṣàà, ó dákẹ́, ṣàà.

Mo tan tọ́ọ̀ṣì. Ojú mẹ́jọ wò mí,
ojú funfun pẹlẹbẹ, bí ọsàn tí ọ̀bẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ là.
Ara wọn kò tíì ní ìyẹ́, òwú ni,
bí ẹni pé ẹnì kan gbọn tìmùtìmù dà sórí wọn.

Ajíṣefínní, onílé ìkejì, gbé kẹrosíìnì wá,
ó ní ká dáná sun wọ́n.
Ó ní òwìwí ké lánàá, ìyá òun kú lónìí.
Mo ní, "Ìyá yín tó ti dùbúlẹ̀ àìsàn láti ìjẹta ọdún?"
Ó wò mí. Mo wò ó.
Mo mú un lọ sí ìdí àká àgbàdo rẹ̀,
mo bi í léèrè iye eku tó kù níbẹ̀.
Kò fèsì. Ó gbé kẹrosíìnì rẹ̀ padà lọ,
ó fi se ẹ̀wà.

Láràárọ̀ ni mo ń gbá ohun tí wọ́n pọ̀ sílẹ̀:
irun eku, egungun wẹ́wẹ́,
eyín tó funfun ju tèmi lọ.

Oyèkúnmi, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé nípa ẹyẹ,
gun àkàbà wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan,
ó fi òrùka tín-ín-rín sí wọn lẹ́sẹ̀.
Èyí tó kéré jù bù ú jẹ lọ́wọ́.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, wọ́n bọ́ sórí igi máńgòrò.
Wọn ò tíì lọ o. Lílọ kì í yá tó bẹ́ẹ̀.
Ọ̀kan fò, ó forí gbá ẹ̀ka, ó já bọ́,
ó fi èékánná gun igi padà
bí ọmọ tó ń jí máńgòrò ká.
Ìyá ń gbé eku wá, baba ń gbé eku wá,
títí di alẹ́ kan tí ìyá bà sórí òrùlé
pẹ̀lú eku lẹ́nu,
tó sì jẹ ẹ́ fúnra rẹ̀.
Kò lé wọn. Kò bú wọn.
Ó jẹun tán, ó nu ẹnu sí páànù.

Òkò ni wọ́n bí èmi náà sí.
Baba mi ò lé mi.
Ó kàn di ọjọ́ kan tí wọ́n gún iyán,
tí kò sí ẹni tó pè mí.

Àkọ́kọ́ gba apá Ìkòyí-Ilé lọ, kò wẹ̀yìn.
Èkejì yí ilé-ìwé ká lálẹ́ mẹ́ta;
lálẹ́ kẹrin, mi ò rí i mọ́.
Ẹ̀kẹta, ojú títì Ìlọrin ni mo ti bá a ní ìdájí.
Tírélà ti tẹ apá kan mọ́lẹ̀,
apá kejì ń gbé sókè nínú atẹ́gùn ọkọ̀ tó ń kọjá
bí ẹni tó ń juwọ́.
Mo sin ín sí ìdí kájú. Mi ò sọ fún Ajíṣefínní.

Ẹ̀kẹrin, èyí tó bu Oyèkúnmi jẹ, kọ̀, kò lọ.
Ó ń tọrọ, ṣàà, ṣàà, títí òjò àkọ́rọ̀ fi rọ̀,
tí ìyá rẹ̀ ti tún ń wo orí pákó àtijọ́
bí ẹni tó fẹ́ tẹ́ ẹní.
Lọ́jọ́ kan, àárọ̀ mọ́, máńgòrò dákẹ́.

Ó di ọdún kejì, Oyèkúnmi sáré wá bá mi.
Àgbẹ̀ kan pè é láti Ìgbẹ́tì:
òwìwí kan há sínú àwọ̀n rẹ̀, òrùka wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀,
ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn ti pa rẹ́.
Ó lè jẹ́ àkọ́kọ́, ó lè jẹ́ èkejì tàbí ẹ̀kẹrin.
Wọ́n ti tú u sílẹ̀, ó ti lọ.

Mo ní, "Ṣé ó bu àgbẹ̀ náà jẹ?"
Ó ní ìka rẹ̀ ṣì wà nínú àkísà.